Ẹni Mímọ́ Tó Gbé Ojú Rẹ̀ Sínú Àwo

Gbogbo ẹni tó wá kí mi kú àbọ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè. Ṣé òtútù mú mi? Ṣé mo rí yìnyín? Àwọn kan tiẹ̀ ń yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bóyá báàgì ńlá kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì tú. Mo dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ lọ gan-an, ẹnì kan ò béèrè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra mi, kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́ lódìkejì.

Lùsíà ni wọ́n sọ mí nígbà ìrìbọmi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Ìkòròdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Aṣọ àwọn fádà ni mò ń rán, èyí tí wọ́n ń wọ̀ níwájú pẹpẹ, tó ní òwú aláwọ̀ wúrà létí. Ìyá Fádà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí kì í ṣe fádà rárá.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín: ojú mi ń lọ. Dókítà ojú ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní àrùn kan wà tó máa ń jí ojú láti ẹ̀gbẹ́ láìdun èèyàn, bí olè tó ń kó ẹrù láti yàrá ẹ̀yìn nígbà tí onílé jókòó sí pálọ̀. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ọ̀tún ti ń tẹ̀ lé e. Ó ní èyí tó lọ ti lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ sílé, mi ò sọ fún ẹ̀dá alààyè kan. Ta ló máa gbé aṣọ wá fún aránṣọ tí kò ríran? Délé ọmọ mi sì wà ní Ítálì, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di ọsàn sínú páálí. Kò tíì pẹ́ tó rí ìwé gbà láti máa gbé ibẹ̀. Tó bá gbọ́ pé ìyá òun ń fọ́jú, yóò sọ gbogbo rẹ̀ nù, yóò sì máa bọ̀ nílé. Mo mọ ọmọ mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. "Mọ́mì, mo rí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yín níbí o! Ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ìlú tí mò ń gbé." Àwòrán Lùsíà Mímọ́ ni, ẹni tí àwa ọmọ Àgùdà gbà pé ó ń bá ẹni tí ojú ń dùn bẹ Ọlọ́run. Mo gbé fóònù náà sún mọ́ ojú, mo wò ó títí. Nígbà tí Délé wá ní kí n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun, kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo ti ní mo gbà. Ó rò pé òun nìkan ni mo fẹ́ rí. Mo fẹ́ rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ dúró níwájú obìnrin yẹn kí n bẹ̀ ẹ́ kó bá mi dá olè yìí dúró.

Ẹ̀pẹ́

Èèyàn kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kó má dágbére fún àgbà. Mo gba ọ̀nà Agbowa lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ bá Àǹtí Sikirá, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ bàbá mi, tó ń ta ẹja yíyan. Ìyá tirẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, tèmi jẹ́ Àgùdà, inú ìkòkò kan náà la ti ń jẹun dàgbà. Mo fi fọ́tò náà hàn án.

"Arẹwà ni o," ó wí. "Kí ló wà nínú àwo tó gbé dání yẹn? Ẹyin àparò?"

"Ojú ni, àǹtí mi. Ojú ara rẹ̀ ni."

"Aúsù bílláhì!" Ó ti fóònù náà padà sí mi lọ́wọ́. "Lúsì! Ojú èèyàn nínú àwo? Tí wọ́n bá ká irú ẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ níbí, kí ọlọ́pàá tó dé, wọ́n á ti fi táyà sí i lọ́rùn. Ta ló máa dúró gbọ́ pé ẹni mímọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé fún un pé àwọn tó pa á ló yọ ojú rẹ̀, pé ó gbé e dání kí á lè mọ ohun tó jìyà.

"Imọ̀ ọ̀pẹ ọwọ́ kejì ńkọ́? Ọkọ̀ tó gbé òkú ló ń so ìyẹn mọ́ iwájú."

"Àmì ìṣẹ́gun ni. Gbogbo ẹni tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ ló máa ń mú un dání."

"Ẹni tí wọ́n pa ló tún ṣẹ́gun?" Àǹtí mi wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ̀yin Àgùdà yìí náà. Kí Ọlọ́run bá wa gbà á o."

Ó di ẹja yíyan fún Délé, ó fi ọ̀rá wé e lọ́nà mẹ́ta. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó dì mí lápá mú. "Obìnrin tó kọjá yẹn kí ẹ, o ò dá a lóhùn. O kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀." Mi ò rí obìnrin kankan. Mo ní ìrònú ìrìn-àjò ló gbé mi lọ. Ó dùn mí pé mo purọ́ fún àgbà mi níwájú ẹja rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ jáde.

Ìlú tí wọn kì í kíra

Délé ti rù. Ọwọ́ rẹ̀ ti le bí ọwọ́ àgbẹ̀, òórùn ọsàn sì wà lára kóòtù rẹ̀ àti lára ìrọ̀rí rẹ̀. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń jáde. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, á bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, oorun á sì gbé e lọ pẹ̀lú àwo oúnjẹ lórí itan. Mo máa ń gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo ló ní láàárín ọ̀sẹ̀, oorun náà ló fi ń sùn.

Nítorí náà, èmi àti ògiri ni. Ìlú kékeré ni, orí òkè ló wà, òkúta ni gbogbo ilé rẹ̀. Délé kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí ni láàárọ̀, mo sì jáde lọ kí àwọn èèyàn. Àṣìṣe gbáà! Ọkùnrin àkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ni mò ń kí. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ni mo kí èèyàn lọ́jọ́ yẹn, mo kà á, ẹni mẹ́ta ló dáhùn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nílé wa, tí èèyàn bá jókòó síta lásán, wọ́n á ní ẹ kú ìjókòó. Tó bá dúró, wọ́n á ní ẹ kú ìdúró. Níbẹ̀, mo jókòó, mo dúró, mo rìn, kò sẹ́ni tó yanu kí mi.

Ti oúnjẹ, mi ò ní bú wọn. Makaróní láàárọ̀, makaróní lálẹ́, búrẹ́dì tó le bí òkúta ilé wọn. Wọ́n ní ẹja wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń fi iyọ̀ àti òróró pa mọ́, ìyẹn dùn dáadáa. Ọjọ́ tí àárò ilé gbé mi, mo fi ẹja Àǹtí Sikirá se ọbẹ̀, mo ro ẹ̀bà. Kí n tó gé òkèlè àkọ́kọ́, obìnrin òkè ilé ti kan ilẹ̀kùn, ó di imú mú, ó ń fọwọ́ júwe ìkòkò mi bí ẹni tó rí òkú ẹran. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo ti fèrèsé pa, mo jókòó sínú òórùn ẹja Ẹ̀pẹ́, mo sunkún títí ọbẹ̀ fi tutù. Mo dá wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iwájú obìnrin náà

Délé ló kọ́kọ́ mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Òpin àdúgbò wa ló wà, ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ. Yàrá àdúrà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n gbé àwòrán náà kọ́. Aṣọ ni wọ́n yà á sí, ó ga ju èmi lọ, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Wọn ò mọ ẹni tó yà á.

Òkùnkùn ni mo rí. Mo ní, ó parí, èyí tó kù náà ti lọ, níbí gan-an, níwájú ẹni tí mo wá bẹ̀. Mo di apá Délé mú.

"Ṣé wọn ò tan iná ni?"

"Wọ́n tan iná, Mọ́mì. Bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán láyé ìgbà yẹn nìyẹn. Wọ́n á fi òkùnkùn yí gbogbo ẹ̀ ká, wọ́n á wá fi ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí á wò."

Mo mí kanlẹ̀. Mo tún wò, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sí mi díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i lára láti ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn lójijì fún ẹni tó wà ní yàrá dúdú. Ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ tí ọ̀bẹ ti gbà kọjá, ọwọ́ rẹ̀, àti àwo náà. Gbogbo ìyókù dúdú kirikiri. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo ṣe ń rí ayé nìyẹn! Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ láàárín, òkùnkùn yí i ká. Mi ò mọ ibi tí òkùnkùn ẹni tó yà á parí sí, mi ò mọ ibi tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti rò pé kò sí ẹni tó mọ ohun tí ojú mi ń rí, àṣé ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́ ti yà á sórí aṣọ.

Ojú méjì inú àwo náà mọ́ tónítóní, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára wọn, wọ́n ń wo èèyàn. Méjì mìíràn wà lójú rẹ̀, àwọn yẹn ń wo òkè. Délé kà á fún mi lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: wọ́n yọ ti àkọ́kọ́, Ọlọ́run fún un ní òmíràn. Aṣọ rẹ̀ pupa nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀, ìborùn rẹ̀ dà bíi wúrà nítorí ọ̀run tó lọ. Wọ́n ya aṣọ náà dáadáa débi pé ọwọ́ mi ń yún mi.

Ọwọ́ yẹn náà ló kó bá mi. Ní ọjọ́ kejì mo dá nìkan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé ojú kọ́ la fi ń mọ aṣọ, ọwọ́ ni. Àtìgbà tí ojú mi sì ti ń lọ, ọwọ́ ti di gbogbo nǹkan. Kí n tó ro ohun tí mò ń ṣe, mo ti kọjá okùn tí wọ́n ta síbẹ̀, mo ti fi ìka méjì kan etí ìborùn tí wọ́n yà náà kí n mọ̀ bóyá sílíìkì ni. Igbe ló ta lẹ́yìn mi. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ojú rẹ̀ ti pọ́n koko.

Kí ni mo mọ̀ ju ohun tí ìyá mi kọ́ mi? Mo kúnlẹ̀. Mo fi orókún méjèèjì kanlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ọwọ́ ló ṣe mí." Bàbá sáré! Ó rò pé ìbẹ̀rù igbe rẹ̀ ló mú kí n ṣubú lulẹ̀. Ó gbé mi dìde, ó sáré gbé àga wá, ó fún mi lómi. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá dé láàárọ̀, àga á ti wà níwájú àwòrán náà. Bí mo bá ti tẹ orókún kí i, á fọwọ́ méjèèjì bẹ̀ mí pé kí n má ṣubú mọ́.

Lórí àga yẹn ni mo ti ń bá obìnrin náà dúnàádúrà. Mo ní, "Ìyá mi, fi ọ̀tún sílẹ̀ fún mi. Mi ò ní béèrè òsì. Ìwọ ní mẹ́rin." Mo tún padà wá lọ́jọ́ kejì.

Sátidé

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n padà sílé nígbà tí Délé ṣèlérí pé òun á tètè ṣíwọ́ iṣẹ́ ní Sátidé, òun á wá pàdé mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí a jọ jẹun níta. Mo jókòó dè é. Lọ́jọ́ yẹn, ìmọ́lẹ̀ àárín tí mo fi ń rí obìnrin náà kò gbà á tán mọ́. Tí mo bá wo àwo, ojú rẹ̀ á sọnù. Tí mo bá wo ojú rẹ̀, àwo á sọnù. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo ń rí méjèèjì pọ̀. Mo wá mọ̀ pé olè yẹn ò dúró dè mí nílé, ó bá mi wọkọ̀.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹnì kan fa àga, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì mi níbi tí mi ò ti rí nǹkan kan mọ́. Òórùn ọsàn ta sí mi nímú. Délé nìyẹn. Mi ò yí ọrùn, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá wo ojú rẹ̀, mi ò ní lè sọ ọ́.

"Má wò mí," mo wí. "Obìnrin yìí ni kí o máa wò. Ojú mi ń lọ. Òsì ti lọ, ọ̀tún ń lọ. Dókítà sọ pé kò ṣeé dá padà. Mi ò sọ fún ọ torí mo mọ̀ pé o máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ń bẹ̀rù. Mò ń dá jí láàárọ̀, mi kì í fẹ́ lajú, kí n má baà rí i pé ilẹ̀ ò mọ́. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

Ó mú ọwọ́ mi, ó fi nǹkan roboto kan sínú rẹ̀. Ọsàn tí wọ́n ti bó ni.

"Mọ́mì."

Ẹ̀yìn mi ni ohùn náà ti wá. Mo yí gbogbo ọrùn. Délé dúró létí òpó, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo yí padà sí òsì. Bàbá oníkóòtù ló jókòó tì mí, èèpo ọsàn wà lórí itan rẹ̀. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo sọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dìde.

"Ta lẹ rò pé ẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Délé béèrè.

"Ìwọ ni."

Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. "Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀ ṣáájú Àjíǹde."

"Ẹ wá ń sọ fún mi lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú pé àlàáfíà lẹ wà."

"Àlàáfíà náà ni mo wà. Ojú ló ń lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé orí lé mi lórúnkún bí ìgbà tó wà ní kékeré.

Ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ ara wa lé lórí

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà wọn. Ohun tí ti Ìkòròdú sọ náà ni tòun sọ. Kìkì pé ó fún mi ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, ó ní tí mi ò bá pa á jẹ lójoojúmọ́, ó lè fa èyí tó kù gùn. Ó lè ló sọ o, kò sọ pé yóò.

Délé ní kí n má lọ mọ́, kí n máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo kọ̀. Ó ní òun á bá mi wálé nígbà náà. Mo ní tó bá bá mi wálé, á jẹ́ pé èmi ni mo fọ́ ojú tirẹ̀ náà nìyẹn. Ó bínú, kò jẹun lọ́jọ́ náà.

"Kí ni ẹ fẹ́ máa ṣe ní Ìkòròdú tí ẹ ò bá ríran mọ́?"

"Wọ́n á máa kí mi," mo wí. "Ẹni tó bá kọjá á ní ẹ káàárọ̀ Ìyá Fádà, màá sì mọ ẹni náà láti ẹnu rẹ̀. Níbí, tí ojú mi bá lọ, mi ò ní mọ̀ pé èèyàn wà láyé."

Òun náà mọ̀ bí ìlú yẹn ṣe rí. Òun ló kù síbẹ̀, ẹ má gbàgbé.

Ọjọ́ tí mò ń bọ̀, mo yà kí obìnrin náà. Mi ò bẹ̀bẹ̀ nǹkan kan. Mo kàn ní, "Ẹ kú ìdúró o." Bàbá oníkóòtù sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó wò mí, ó sì tẹ orókún rẹ̀ kan fún mi, kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo dì í mú.

Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o. Ọgbà tí mo háyà yàrá sí kún fún ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, wọ́n sì ń kí mi dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ̀ báyìí. Tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí mi ò dáhùn, ẹ má ní ìlú òyìnbó ti gùn mí. Ẹ kàn pe orúkọ yín. Mo ṣì ń rán aṣọ, ṣùgbọ́n mi ò gba iṣẹ́ òwú wúrà mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn wọn, tí kálukú á wọ ilé tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni dídá wà máa ń ká mi lára jù. Mo máa ń ka wákàtí tó kù kí ilẹ̀ mọ́.

Délé kì í pè mí ní ọjọ́ Àìkú nìkan mọ́. Àràárọ̀ ló ń pè, kó tó lọ síbi ọsàn rẹ̀, ó fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé mo ti kán oògùn sójú. Màá gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, màá fẹ̀yìn lélẹ̀. "Ẹ gbójú sókè, Mọ́mì. Ẹ má ṣẹ́jú." Ẹ̀kán àkọ́kọ́ á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, èkejì á bọ́ sí imú. "Ó ti wọlé?" "Kò tíì wọlé." "Ẹ fara balẹ̀, mo wà níbí, ẹ tún un ṣe." Kì í kánjú, kì í sì í pa fóònù títí màá fi sọ pé ó ti wọlé. Ọwọ́ mi ti wá mọ́ ọn báyìí, lẹ́ẹ̀kan náà ló ń wọlé. Mo ṣì ń sọ fún un pé kò tíì wọlé.